Ẹlẹ́rìí Atukọ̀

Ọmọbìnrin ìyá kan ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ilé ìwádìí kan tí wọ́n ti ń yẹ òfin tó wà láàárín orílẹ̀-èdè àti orílẹ̀-èdè wò. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ gùn, àwòrán àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wọn sì tò sára ògiri títí dé ẹnu yàrá ìpàdé. Lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ ohun tí onítọ̀hún ti darí rí sí. Ẹnì kan ti ṣe adájọ́ àgbà, ẹnì kan ti ṣe olórí yunifásítì, ẹnì kan ti kó àwọn aṣojú lọ síbi tí wọ́n ti parí ogun. Àwòrán tó gbẹ̀yìn ni ti ọkùnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Atukọ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, òun ló ṣáájú àwọn tó yọ èèyàn nínú ọkọ̀ ojú omi kan tó dojú dé láàárọ̀ kùtù.

Wọ́n fẹ́ fi Atukọ̀ ṣe olùdarí. Alága ìgbìmọ̀, adájọ́bìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń fà sẹ́yìn. Ó ní òun ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu Atukọ̀ àìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n òun ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí wọ́n yọ. Akọ̀wé, tí ẹnu rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́, bá ní ìyá òun wà nínú ọkọ̀ yẹn.

Bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ pe ìyá nìyẹn.

Ìyá ò fẹ́ lọ. Ó ní orúnkún ń dun òun. Ó ní ohun tó ti kọjá ti kọjá. Ó ní torí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn ni wọ́n ṣe gba òun láyè láti máa gbé ní ìlú yìí, ìyẹn náà sì tó. Ọmọ ní bí kò bá yọjú, òun ò ní lè gbójú sókè níbi iṣẹ́ mọ́.

“Ṣé wọ́n á bi mí ní nǹkan?”

“Bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ náà ni kí ẹ sọ ọ́, màámi. Èmi gan-an ti mọ̀ ọ́n sórí. Tí ẹ bá fo ibì kan, màá wúkọ́.”

Ìyá jókòó síwájú dígí, ó fi àtíkè kun àpá àgbọ̀n rẹ̀ tó ti ní láti kékeré. Ọmọ lọ mú bàtà pupa tó máa ń wà lórí àpótí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ẹ̀gbọ́n ìyá tó ti kú, obìnrin kan tí ojú rẹ̀ ń dán láìní àbùkù. Bàtà náà ò ní ìkejì. Ìkejì ti bá òkun lọ lọ́jọ́ náà. Iyọ̀ omi òkun ti jẹ ẹ́ títí ó fi gan bíi páálí. Ọmọ fi wé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Màámi, ẹsẹ̀ yín náà mà ti di ọkọ̀ o.”

“Ọjọ́ ogbó ló ń mú ẹsẹ̀ fẹ̀,” ni ìyá wí. Ó ki bàtà náà bọ inú báàgì. Kò wo àwòrán yẹn bó ṣe ń jáde.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró pẹ́ níwájú àwòrán Atukọ̀. Ọmọ bi í bóyá òun náà nìyẹn. Ó ní ó ti pẹ́.

Nínú yàrá ìpàdé, wọ́n fún un ní ìjókòó tó ní tìmùtìmù. Ó gbé bàtà sórí tábìlì, ó sì sọ ìtàn náà bó ṣe máa ń sọ ọ́: òórùn epo, ọmọ tó ń sunkún tó wá dákẹ́, ọwọ́ tó ti òkè wá tó sì di ọrùn ọwọ́ mú títí awọ fi bó. Akọ̀wé ò wúkọ́. Alága bi í pé ta ló ni ọwọ́ náà.

Atukọ̀ ń fi áńkáṣíìfù nu iwájú orí. Ìyá wò ó. Láti àárọ̀ ló ti pinnu pé òótọ́ kan ṣoṣo ni òun máa sọ níbẹ̀.

“Èmi ò mọ ọ̀gá yìí rí.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín sínú ní ìdí tábìlì. Alága gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Akọ̀wé ń wo ilẹ̀.

Atukọ̀ dìde. Ó yí tábìlì po, ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá, ó sì gbé bàtà náà lé àtẹ́lẹwọ́.

“Ẹ ò lè mọ̀ mí, màmá. Ẹ ti dákú kí n tó fà yín jáde. Èmi ni mo mọ̀ yín. Aṣọ òtútù mi ni mo fi bò yín. Àpá àgbọ̀n yín yìí ni mo tẹjú mọ́ títí ẹ fi mí. Mi ò gbàgbé rẹ̀ rí.”

Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Alága bọ́ awò ojú. Ó rọra bi ìyá bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ọmọ ti gbójú sókè, ìyá rẹ̀ ló ń wò. Ìyá sorí kọ́.

“Bó ṣe wí náà ni.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, Atukọ̀ ti di olùdarí.

Lọ́nà ilé, inú ń bí ọmọ. Ó ní díẹ̀ ló kù kí ìyá òun ba orúkọ èèyàn rere jẹ́. “Ẹni tó gbé yín nínú omi, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n rí. Ṣé kò tì yín lójú ni, màámi?”

“Ó tì mí lójú,” ni ìyá wí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di báàgì mú lórí itan.

Nígbà tí wọ́n délé, ó dá bàtà náà padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tó ni ín, ẹni tó ròyìn ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà fún un kó tó kú, tí ìyá sì sọ ọ́ di tirẹ̀. Nítorí láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ náà dojú dé, ìyá ń sùn nílé lórí ẹní ìyá wọn, kò sì tíì fojú kan òkun rí.