Ògbufọ̀ Láàárín Àna Méjì

Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni mo ń ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù. Mi ò yí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni padà rí.

Lónìí, pálọ̀ ìyá ọkọ ni mo ti ń túmọ̀. Òun àti bàbá ìyàwó kò gbọ́ èdè ara wọn.

Bàbá wò yíká: "Ṣé pálọ̀ nìyí àbí páálí ìṣáná?"

Mo túmọ̀: "Wọ́n ní ilé yín tu àwọn lára."

Ìyá ọkọ fajú ro: "Ṣé bàbá yìí fi ẹ̀rín dógò ni?"

Mo yíjú sí bàbá: "Wọ́n ní ẹ níyì lójú àwọn."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà ń rẹ́rìn-ín. Kíá, wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ọkọ, tó gbọ́ èdè méjèèjì, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Irọ́ lo ń pa láti àárọ̀!"

"Àbí kí n sọ òótọ́, kí bàbá mi fà mí padà sílé láìlọ́kọ?"