Àmì Abẹ́ Kẹ́tù

Oníkẹ́tù kan ń lẹ àmì àyẹ̀wò ààbò mọ́ ìdí àwọn kẹ́tù oníná tí wọ́n fi ń se omi, tó fẹ́ kó kọjá bodè lọ tà. Ọjà tí kò bá ní àmì yẹn, wọn kì í jẹ́ kó kọjá. Àyẹ̀wò kankan ò wáyé. Atẹ̀wé kan ládùúgbò ló bá a tẹ àmì náà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé ní òdìkejì bodè, yọ sí i. Oníkẹ́tù yára fa aṣọ bo tábìlì.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ kú ewu ọmọ o. Mo ti gbé ẹ̀bùn mi síná ní yàrá, kí ìyàwó wa fi se omi ìwẹ̀ ọmọ."

"Ẹ̀bùn wo?"

"Kẹ́tù. Fọkàn balẹ̀, mo dojú ẹ̀ dé kí n tó sanwó. Ṣebí ìwọ lo kọ́ mi pé èyí tí ò bá lámì lábẹ́, ikú lèèyàn fowó rà."

Oníkẹ́tù sáré wọ yàrá. Kẹ́tù ọlọ́wọ́ pupa tirẹ̀ ló ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ. Ó fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri.

"Omi ò tíì gbóná o," ìyàwó rẹ̀ wí.

 

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé tẹ̀ lé e. Ó rí àmì kan tó ti lẹ̀ mọ́ ìgbọ̀nwọ́ àbúrò rẹ̀. Ó rọra ṣí i kúrò, ó gbé kẹ́tù sókè, ó wo ìdí rẹ̀, ó tún wo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí àbúrò rẹ̀, ó gbé ọmọ, ó sì jáde.