Búlúù Àgbékẹ́

Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún Dúrójayé kọ́kọ́ wú, ṣe ni inú ìyá rẹ̀ dùn. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́sàn-án, òun nìkan ṣoṣo sì ni Ṣubúọlá rí bí.

"Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ olówó," ló ń wí fún àwọn ará Ìsọlọ̀ tó bá yà kí i. "Ẹran àti mílíìkì ló kún ibẹ̀ yẹn."

Ìgbà tí eyín ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í mì ni ọkọ rẹ̀, Ògúnlànà kọngílá, tó fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan n'Íbàdàn. Ọdún kejì òmìnira ni.

Dókítà òyìnbó tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà títí. Ó ní jẹjẹrẹ ni, àmọ́ irú èyí ń gbọ́ oògùn. Ó kó oògùn oníhóró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé fún wọn, hóró kan ní àràárọ̀. Ó ní ó korò bí jogbo, ó lè mú ọmọ bì, ó lè mú irun orí rẹ̀ re, kí wọ́n má fòyà. Tí kò bá lò ó nìkan ni kí wọ́n fòyà, nítorí ọmọ náà máa kú. Nọ́ọ̀sì tó ń túmọ̀ rọra sọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yìí. Ṣubúọlá sunkún láti Ìbàdàn dé Ìsọlọ̀.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ẹkún ti di fáàrí.

"Oògùn ọmọ mi wọ bàálù wá," ló ń sọ kiri. "Àìsàn tí kò bá wọ bàálù, àìsàn kọ́ nìyẹn."

Àràárọ̀ ló ń fi hóró kan àti bisikíìtì lé ọmọ lọ́wọ́. Dúrójayé á ju oògùn sẹ́nu, á fi omi lé e, á ya ẹnu kí ìyá rẹ̀ wò ó. Ìyá kì í lè wo inú ẹnu náà pẹ́, àánú máa ń ṣe é. Ọmọ á wá di bisikíìtì rẹ̀ mú, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá Mọ́nsúrátù, kí wọ́n lè jọ jẹ ẹ́.

"Ọmọ mi lójú àánú," ni Ṣubúọlá wí.

Àgbékẹ́ alágbàfọ̀ wọn, tó ń mú ọmọ rẹ̀ dání fẹsẹ̀ rìn wá láti Oṣòdì láràárọ̀, ló ni Mọ́nsúrátù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ yìí náà wú. Ìyá rẹ̀ po búlúù tó fi ń fọṣọ, ó fi kùn ún láti àgbọ̀n dé etí, bí a ti í ṣe fún ọlọ́ṣègèdè. Àmọ́ ṣègèdè kì í pẹ́ báyìí lára ọmọ. Ẹ̀rù ba Àgbékẹ́, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Ṣubúọlá.

"Ìyá Dúró, ẹ jọ̀ọ́ mà, tí ẹ bá tún ń lọ sí Ìbàdàn, ẹ bá mi mú Mọ́nsúrátù dání. Kí dókítà kàn bá mi yẹ̀ ẹ́ wò."

"Àyè dà? Èmi, bàbá Dúró, Dúró fúnra rẹ̀. Ìrọ̀rí Dúró nìkan gba ìjókòó kan."

"Á jókòó sílẹ̀ mà."

"Àgbékẹ́, gbọ́ra. Ti ọmọ tèmi, jẹjẹrẹ ni. Ti tìrẹ, ṣègèdè ni. Ta ló ń fi mọ́tò gbé ṣègèdè?"

Àgbékẹ́ ní ẹ ṣé mà. Ó padà sídìí ọpọ́n ìfọṣọ, ó sì sunkún sínú ọṣẹ.

Mọ́nsúrátù bẹ̀rẹ̀ sí í bì láàárọ̀. Ìyá rẹ̀ ní bisikíìtì olówó ni kò bá a lára mu. Nígbà tó yá, làpálàpá tún mú un lórí, tàbí ohun tí Àgbékẹ́ pè ní làpálàpá. Ó fá orí náà kodoro, ó tún kun búlúù sí i.

Ní ilé ńlá, Ṣubúọlá ń dúpẹ́. "Ẹyọ irun kan ò re lórí ọmọ mi. Kò bì rí! Ẹ̀jẹ̀ àwọn Ògúnlànà nìyẹn o."

Àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Dúrójayé ti ń ti ojú rẹ̀ pa. Kò lè jẹ ẹran mọ́.

Lọ́jọ́ kan Àgbékẹ́ fọ búlúù kúrò lójú ọmọ rẹ̀, ó wá ibi tó wú, kò rí i. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ ìkejì. Méjèèjì dọ́gba.

"Alihamudulilahi! Búlúù mi ti ṣiṣẹ́!"

Ìròyìn dé Ìsọlọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ṣubúọlá, tí kò dé ilé alágbàfọ̀ rí láyé rẹ̀, wá Àgbékẹ́ lọ sí yàrá rẹ̀ létí ojú irin l'Óṣòdì. Òun ló kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

"Àgbékẹ́, má bínú sí mi. Bá mi wo ọmọ mi."

"Háà, ẹ dìde mà! Ta ló ń fi ọmọ ṣẹ̀sín?"

Àgbékẹ́ kó gbogbo búlúù tó wà nílé, ó mú Mọ́nsúrátù lọ́wọ́, wọ́n sì jọ lọ. Ní ilé ìdáná, Ṣubúọlá da gbogbo oògùn tó kù sínú iná.

"Ẹ̀tàn òyìnbó! Oṣù mélòó ni mo fi fún un, kí ló ṣe?"

Àgbékẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í po búlúù. Dúrójayé jókòó sórí àpótí, ó wolẹ̀.

Mọ́nsúrátù, tó dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, rí àwọn hóró náà tí wọ́n ń jó, ó sì bú sẹ́kún: "Oògùn wo ni mo tún máa bá Dúró gbé mì, kó tó fún mi ní bisikíìtì?"