Ológoṣẹ́ Orí Igi Ọsàn

Orí odi ni onífọ́tò wà tó ń fi kámẹ́rà lé ológoṣẹ́ kan kiri, kó tó já lulẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Dókítà to egungun náà, ó dì í.

"Ẹ ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ yìí tẹlẹ̀ títí n ó fi padà wá," ni dókítà wí. "Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, wíwọ́ ló máa wọ́ títí ayé."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, aránṣọ, ìyàwó onífọ́tò, bá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó dì mọ́ ògiri.

"Olówó orí mi, ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Mo gbọ́ ohùn ẹyẹ mi ni."

"Èyí tó ṣẹ́ yín lẹ́sẹ̀ náà lẹ tún ń wá?"

Aránṣọ ò bá a jà. Ó ṣa àjákù aṣọ jọ, ó fi rán ológoṣẹ́ kan, ó ki òwú sí i níkùn, ó fi bọ́tìnnì dúdú ṣe ojú. Ó gbé e sórí igi ọsàn tó wà láàárín fèrèsé yàrá àti ti ilé ìdáná, ó sì na okùn tín-ínrín láti ìrù rẹ̀ wọ ilé ìdáná. Bó bá fa okùn, ẹyẹ á jó. Bó bá súfèé, ẹyẹ á kọrin.

Onífọ́tò ò kúrò lórí àga létí fèrèsé yàrá mọ́, ó ń ya ẹyẹ náà ní fọ́tò.

"Jọ̀ọ́, máa ṣí fèrèsé ilé ìdáná sílẹ̀ gbayawu," ló bẹ̀ ẹ́. "Ìmọ́lẹ̀ ò tó mi."

Aránṣọ ṣí i. Ó tiẹ̀ mú kí okùn fífà rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀fìnkìn mú un, síbẹ̀ ó súfèé.

"Ohùn ẹyẹ mi há lónìí," ni ọkọ rẹ̀ wí nígbà tó wọ yàrá wá. "Ṣé kò ní nílò tíì gbígbóná báyìí?"

Aránṣọ sáré wọ ilé ìdáná kí ẹ̀rín tó pa á.

"Ẹ jẹ́ kí n rí fọ́tò náà ná," ló wí nígbà tó padà wá.

"Ó di ìgbà tí mo bá fọ̀ wọ́n."

Nígbà tí dókítà padà wá tó tú ẹsẹ̀ náà, ó gún régé. Aránṣọ ò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó já ẹyẹ lórí igi, ó jù ú sí ọkọ lẹ́sẹ̀.

"Ẹyẹ yín rèé o! Aṣọ àti òwú!"

Ọkọ rẹ̀ ò bínú. Ó rọra rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fọ fọ́tò, ó padà wá tò wọ́n sórí tábìlì.

Nínú gbogbo wọn, ẹyẹ wà níwájú, ó rí bàìbàì bí èéfín, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, kedere nínú fèrèsé ilé ìdáná, aránṣọ ló dúró síbẹ̀ tó di okùn mú, tó ṣu ẹnu jọ tó ń súfèé, àti nínú ti ọjọ́ ọ̀fìnkìn, tòun ti ikun nímú.