Yàrá Ẹ̀yìn Píkọ́ọ̀pù

Nígbà tí Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín ti ọ̀nà àjò dé, ó bá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń fi ayùn gé pákó. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n látìgbà tó ti lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú kan tó sì padà dé, kò fọwọ́ kan ayùn mọ́ àfi lọ́jọ́ náà. Ó ti kó gbogbo ẹrù ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù rẹ̀ kúrò, ó sì ti gbé ògiri pákó méjì nàró síbẹ̀.

“Yàrá ni mò ń kàn,” ó wí. “Inú rẹ̀ la óò máa sùn. Ìlú kan dé ìkejì, títí a óò fi rí Ẹlẹ́rìn-ín.”

Obìnrin náà kí i kú iṣẹ́, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́rí.

Ẹlẹ́rìn-ín ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ó bínú kúrò nílé, fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́. Ibi tí ìyá rẹ̀ sì ti ń bọ̀ yìí, tó ní òun lọ tọ́jú àbúrò òun tó ń ṣàìsàn, ìdí sàréè ọmọ náà ni. Ọ̀rẹ́ ọmọ ló pè é, pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni, wọ́n ti sin ín. Òkìtì iyẹ̀pẹ̀ ló bá. Ó jókòó tì í títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kú, ó nujú, ó wọkọ̀ padà.

Dókítà ti kìlọ̀ pé ọkàn Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín ò gbọdọ̀ gba ìròyìn òjijì. Nítorí náà, kò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí yàrá yẹn bá parí, wọn óò gbéra, wọn óò máa béèrè ọmọ kiri, ọjọ́ kan ẹnìkan óò sì dá wọn lóhùn. Kò gbọdọ̀ parí.

“Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín, òrùlé yìí ń jò.”

Irọ́ ni. Òun ló da omi sí ìdí ìṣó. Ọkọ rẹ̀ ṣí páànù kúrò, ó tún un kàn.

“Bẹ́ẹ̀dì yìí kúrú. Tí a bá rí ọmọ yẹn, ibo ló fẹ́ na ẹsẹ̀ sí?”

Ọkùnrin náà wo bẹ́ẹ̀dì náà pẹ́. “Òótọ́ ni. Mo mọ bó ṣe gùn tó.” Ó tú u palẹ̀.

Fèrèsé kéré. Ilẹ̀kùn ń dún. Ọ̀dà ń fún òun ní ẹ̀fọ́rí. Mẹkáníìkì òdìkejì ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, ó ní táyà ọkọ̀ yẹn á ti ta gbòǹgbò kó tó kúrò lẹ́yìnkùlé. Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín á rẹ́rìn-ín, á tú u, á tún un kàn. Kò bá ìyàwó rẹ̀ jiyàn rí. Ìyẹn gan-an ló ń gún obìnrin náà lọ́kàn.

Lọ́jọ́ kan, kò rí àléébù kankan mọ́. Ó fọwọ́ pa ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo rẹ̀ ń dán. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, òòlù lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kí ló kù, Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín? Sọ ọ́, màá tún un ṣe.”

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di nǹkan mú. A ò ní rí i. Ó ti kú. Mo ti dé ìdí sàréè rẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún yín.”

Ó ń dúró kí ọkọ rẹ̀ ṣubú. Kò ṣubú. Ó gbé òòlù sílẹ̀, ó wá jókòó tì í lórí pákó, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Mo rò pé o ò tíì gbọ́ ni,” ó wí. “Níbi iṣẹ́ tí mo lọ yẹn, èmi ni mo kan pósí rẹ̀.”