Ẹsẹ̀ Tó Ń Ṣẹ́ Lójú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀gá Pupa ti ń ti ilẹ̀kùn kíláàsì nígbà tí ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Olóríkunkun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lára irin àtẹ̀gùn, ó fi èkejì gbé àpò rẹ̀. Olùkọ́ náà dúró, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ na àtẹ́lẹwọ́.

"O tún pẹ́."

"Ẹ má bínú, sà. Àtẹ̀gùn yín ló pọ̀."

"Ṣé àwọn tó kù fò wọlé ni?"

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Olóríkunkun kí wọn, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú lábẹ́ tábìlì. Ọ̀gá Pupa kò fẹ́ràn ìjókòó yẹn rárá. Lójú tiẹ̀, bí ọba ló ṣe ń jókòó.

Ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣẹ́ nǹkan kí wọ́n tó ṣe é ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Èèyàn á ya nǹkan tó bá fẹ́, ètò náà á gé e sí wẹ́wẹ́ bí ojú àwọ̀n, á di ẹrù lé e, á wá ṣírò bí ẹrù náà ṣe ń ti ègé kan bọ́ sí òmíràn. Ibi tí kò bá lè gba ẹrù náà á pupa. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn àwọ̀ pupa yẹn bí olùkọ́ wọn, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Kó tó di olùkọ́, ó ti rí i tí irin ńlá kan já lulẹ̀ níbi iṣẹ́ ìkọ́lé. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ kan ló wà lẹ́nu rẹ̀: kó ṣẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, kó má ṣẹ́ mọ́ èèyàn lára.

Ọjọ́ tí kálukú máa gbé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ nìyí. Ẹnì kan gbé àga wá, ẹlòmíràn gbé ẹsẹ̀ táǹkì omi. Ẹsẹ̀ èèyàn ni Olóríkunkun yà, láti orúnkún lọ sísàlẹ̀: ike dúdú kan tó le, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì tẹ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀. Ilé ìwòsàn ti ní àwọn máa ṣe irú rẹ̀ fún àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, bí Ọ̀gá Pupa bá ti fọwọ́ sí i. Bí kò bá fọwọ́ sí i, wọ́n á ju àwòrán náà nù, àwọn èèyàn á sì máa wọ́ ẹsẹ̀ onírin tó wúwo bí ọlọ kiri.

Ọ̀gá Pupa gbé ẹrù lé e lójú kọ̀ǹpútà. Ọrùn ẹsẹ̀ náà pupa fòò.

"Ó ti ṣẹ́!" ni aláwàdà kíláàsì kígbe. "Ẹ sáré pe olùtọ́ egungun!"

Olóríkunkun dìde. Ó rọra rìn wá síwájú, ṣòkòtò rẹ̀ tó fẹ̀ ń gbálẹ̀, kò kánjú. Ọ̀gá Pupa rò pé ó ń fojú di òun ni.

"Ẹ ti kàn án mọ́lẹ̀, sà."

"Kí ni mo kàn?"

"Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ kàn án mọ́lẹ̀ bí òpó. Ẹni tí wọ́n kàn lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ ò lè rìn. Gìgísẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kanlẹ̀, ẹsẹ̀ á wá yí síwájú, ọmọ ìka á sì gbé e kúrò."

"Bí a ṣe ń ṣe é látọjọ́ nìyẹn."

"Fún òpó ni, sà."

Ẹnì kan fi ikọ́ bo ẹ̀rín.

"Gbọ́ mi dáadáa. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà."

"Òótọ́ ni, sà. Àkísà kọ́ ni mo wá gbà."

Ọ̀gá Pupa gbé ẹ̀rín mì. "Ẹni tó máa wọ̀ ọ́, ṣé o mọ bó ṣe wúwo tó?"

"Kò jù mí lọ, kò sì kéré sí mi."

"Tó bá wá fi kọ òkúta ńkọ́?"

"Á ṣubú. Á dìde."

Olóríkunkun kò dúró kí olùkọ́ fún un láyè. Ó fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀, ó tú ibi tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa fara kan ilẹ̀, kó sì máa yí. Ó gé àwọ̀n ọrùn ẹsẹ̀ sí wẹ́wẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó wá ní kí ètò náà rìn ín díẹ̀díẹ̀, láti ìgbà tí gìgísẹ̀ bá balẹ̀ títí tí ìka á fi gbéra. Apá ìparí ẹ̀kọ́ wọn ni èyí, èyí tí Ọ̀gá Pupa sáré kọjá, tó ní ti àwọn tó ráyè ni.

Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ó ń hó bí ìkòkò. Wọ́n dúró títí, àwọn kan ti ń palẹ̀ àpò wọn mọ́. Ẹsẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà kò tíì fi gìgísẹ̀ kanlẹ̀ tán.

Ọ̀gá Pupa na ọwọ́, ó dá a dúró.

"Ó ń ṣírò lọ́wọ́, sà!"

"Ó tó. Màá pe ilé ìwòsàn báyìí. Màá sọ fún wọn pé ẹni tó bá fi nǹkan yìí tẹlẹ̀, kò ní dé ẹnu ọ̀nà yẹn."

Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn, ní òpin kíláàsì lọ́hùn-ún.

"Kò ní dé ibẹ̀, sà?"

"Kò ní dé ibẹ̀. Mo fi iṣẹ́ mi búra."

Olóríkunkun wo ilẹ̀kùn náà. Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà.

Nígbà tó nàró, ó ti ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọ̀tún dé orúnkún, ó sì gba àárín wọn kọjá lórí ẹsẹ̀ ike dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ bí èyí tó yà, gìgísẹ̀ ń kanlẹ̀, ọmọ ìka ń gbéra, títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà, tó ṣílẹ̀kùn, tó sì jáde.