Ẹni Tó Jókòó Sórí Pọ́ọ̀tù 8080

"Ètò tuntun ò tún ṣí!" Ọ̀gá jágbe mọ́ obìnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́. "Ètò tí bàbá tí mo lé lẹ́nu iṣẹ́ lánàá fi sílẹ̀ ló ṣì jókòó sórí pọ́ọ̀tù 8080, ẹnu ọ̀nà tí ètò kan ṣoṣo lè lò!"

Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló nàka sí bàbá lánàá pé òun ló ni ètò náà. Ó tẹ àṣẹ láti wo ẹni tó ṣí ètò náà. Orúkọ tirẹ̀ ló yọ gàdàgbà.

Ó pa ètò náà kíá.

"Bàbá yẹn náà ni, àbí?" ọ̀gá béèrè.

"Ètò tuntun ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, sà."

Fóònù rẹ̀ dún. Bàbá ló kọ̀wé sí i: "Ọmọ mi, tètè pa ètò rẹ yẹn kí ọ̀gá tó rí orúkọ ẹ. Àwọn ọmọ tèmi ti dàgbà. Tìẹ ṣì ń mu ọmú."